Ohùn Inú Kànga Hàfúsátù

Omi gbígbóná ni Hàfúsátù fà jáde nínú kànga rẹ̀ ní Ìlobù lọ́jọ́ Àlàmísì kan, nígbà tó fẹ́ ṣe àlùwàlá ìrun Alásárì. Ó ti ọwọ́ bọ korobá, ó yára yọ ọ́. Omi náà ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ó ké sí Àyànlọ́lá, ọmọbìnrin ará Ìfọ́n tó wá ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bá mi fọwọ́ kàn án."

Àyànlọ́lá bu omi náà mu. "Ó tutù nini, ìyá. Kò sì rùn."

Nígbà tí Àyànlọ́lá lọ tán, Hàfúsátù bẹjú wo inú kànga. Ìró bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá mọ́ ògiri ló gbọ́, àti ẹ̀rín àwọn ọmọdé, àti èdè tí kò gbọ́ rí. Ewúrẹ́ kan ń ké láàárín wọn. Ó pe Malikah, ọmọ rẹ̀ tó ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ òkè oníná lókè òkun, tó máa ń sọ pé òkè náà ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́.

"Màámi, ilẹ̀ ibí ti ń wú láti oṣù mẹ́ta," ni Malikah wí. "Inú kòtò ràbàtà tí òkè náà wó sí láyé ọjọ́un ni ìlú wà. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ tó bá wú ló ń bẹ́ o. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ bẹ́, ibi tí yóò gbà jáde la ò mọ̀."

"Ṣé ilé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀, tí ewúrẹ́ ń jẹ̀ nítòsí, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri?"

"Ó wà létí adágún. A ò ní ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Ta ló sọ fún yín?"

"Ṣá gbé ẹ̀rọ lọ."

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ fi hàn pé èéfín olóró ti ń yọ lábẹ́ pápá ilé ẹ̀kọ́ náà, ilẹ̀ rẹ̀ sì gbóná ju ibi gbogbo lọ. Wọ́n kó àwọn ọmọ kúrò. Lọ́jọ́ kẹta, omi híhó àti òkúta tú jáde láàárín pápá. Ẹnikẹ́ni ò fara pa. Ilẹ̀ tó wú sì rọlẹ̀.

Malikah wálé ọdún Iléyá. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó sì sọ ẹ̀rọ ìwọn ooru sínú kànga: omi tutù. Wọ́n jẹun yó, wọ́n rẹ́rìn-ín, ọkàn àwọn méjèèjì balẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì yé mi, Màámi."

Hàfúsátù rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá rẹ ló gbẹ́ kànga yìí, ọdún tí mo lóyún rẹ. Ọjọ́ tó kan omi, kíá ló gùn gòkè wá. Ó ní àwọn ọmọdé kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, èdè wọn ò yé òun, àfi orúkọ kan tí wọ́n ń pè ṣáá."

"Orúkọ wo?"

"Tìrẹ ni. Ibẹ̀ la ti rí orúkọ tí a sọ ọ́."