Egbò Abẹ́ Ìbọ̀wọ́

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, mo kí ọ. Bóyá orí ìjókòó ọkọ̀ lo ti rí i, bóyá ẹnì kan ló fi tipátipá fún ọ lójú ọ̀nà. Jọ̀wọ́, má tíì fi nu ọwọ́. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, ó sì ní kí n má ṣe bo ohunkóhun mọ́lẹ̀.

Ọkùnrin náà ní òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́rin. Kí ó tó ní in, ọdún mẹ́sàn-án ló fi fọ ìkòkò nílé onílé, ìyà sì jẹ ẹ́ gan-an. Nígbà tí Ọlọ́run gbé e sókè, àwọn ènìyàn wá a wá, wọ́n ní kí ó wá ṣe alága fún ìgbìmọ̀ kan tí èmi náà wà nínú rẹ̀.

Ilé kan wà tí a dá sílẹ̀ nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ilé oúnjẹ, òkè rẹ̀ ní yàrá mẹ́fà fún àlejò. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń se oúnjẹ, bí a ṣe ń tẹ́ ibùsùn, àti bí a ṣe ń gbé àwo mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀kankan má sì yẹ̀. Ohun tí àlejò bá san la fi ń kọ́ àwọn mìíràn. Àwa márùn-ún la wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé náà, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wa ń ṣe é. Èmi ni akọ̀wé.

Kóòtù funfun ni Alága máa ń wọ̀ wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Baba Funfun lẹ́yìn rẹ̀, bí ó bá sì ti wọlé, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Kì í pa ilé ìsìn jẹ. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá bi í bóyá ó ti fi ayé rẹ̀ fún Jésù, ẹ̀rín ló máa fi dá a lóhùn. "Ṣé ẹ ò mọ iye ọdún tí mo ti fi sìn nínú ìgbìmọ̀ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ ni? Bí irú mi ò bá wọ ọ̀run, ta ló kù tó máa wọ̀ ọ́?" Àwa náà á bá a rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì wá.

A ní àṣà kan nínú ilé yẹn. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ parí ẹ̀kọ́ wọn a máa gbé oúnjẹ ọ̀sán fún ìgbìmọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan fún ẹnì kan. Bí a bá jẹun tán, kálukú wa á kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì sórí káàdì pélébé, a ó sì fi í sábẹ́ àwo. Ẹni tó gbé oúnjẹ ni yóò rí i nígbà tó bá ń palẹ̀ mọ́. Olùkọ́ ìdáná wa, ìyá àgbàlagbà kan tí òun náà wà nínú ìgbìmọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló dá a sílẹ̀, kí àwọn ọmọ lè mú ọ̀rọ̀ rere kan lọ sílé nínú àpò wọn. "O káre" lèmi máa ń kọ ní tèmi, nígbà mìíràn kí n tó tọ́ oúnjẹ náà wò pàápàá. Ti Alága kì í rí bẹ́ẹ̀. "Ó tutù." "Iyọ̀." "Lọ tún un ṣe."

Ó tún ṣe òfin kan fún wa. "Àlejò tó wá jẹun ò fẹ́ rí egbò," ló wí. "Ẹni tó bá wé báńdéèjì ò gbọdọ̀ gbé àwo." Ẹni tí kò bá sì gbé àwo lọ́jọ́ oúnjẹ ìgbìmọ̀ kò ní gba ìwé ẹ̀rí, àfi kí ó tún dúró fún oṣù mẹ́ta. Gbogbo wa buwọ́ lù ú. Màmá nìkan ló ń kùn. A ò rò ó pé nínú ilé ìdáná, níbi tí iná àti ọ̀bẹ wà, òfin yẹn ń kọ́ àwọn ọmọ láti máa fi ìrora wọn pamọ́.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. Bí ó bá ń gé àlùbọ́sà, tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín náà ni yóò máa rín. Ìyá rẹ̀ ni alágbàfọ̀ tó ń fọ aṣọ tábìlì wa. Òun nìkan ṣoṣo ni ìyá náà bí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ oúnjẹ ìgbìmọ̀, òróró gbígbóná ta sí i, láti ọrùn ọwọ́ dé àtàǹpàkò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń dáná ló sọ fún wa lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ọ̀rẹ́ náà ní, "Lọ sọ fún Màmá." Ẹlẹ́rìn-ín mi orí. "Báńdéèjì ni Màmá máa wé fún mi. Mo sì ti sọ nílé pé òní ni màá gba ìwé ẹ̀rí mi." Ó da omi tútù sí i, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun lé e, ó sì gbé ọbẹ̀ jáde.

Alága ló kàn án láti gbé e fún. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, mo sì rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Kí àwo náà tó kan tábìlì, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọbẹ̀ pupa náà sì dà sí kóòtù funfun láyà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà! Ẹ má bínú sà, ẹ jọ̀ọ́!" Ó ti kúnlẹ̀, ó ń nu ilẹ̀.

Alága kò pariwo. Ì bá sàn kí ó pariwo. Ó bọ́ kóòtù náà, ó fa káàdì rẹ̀ mọ́ra, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì, ó sì tì í sábẹ́ àwo. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí wa, lójú ọmọ náà, ó ní kí a yọ ọ́ kúrò. "Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó nawọ́."

Màmá ní, "Alága, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ọmọ yìí ní ohun tó ṣe é."

"Màmá, iṣẹ́ la ń kọ́ wọn níbí. A kì í kọ́ wọn ní àwíjàre."

Ọwọ́ mẹ́rin gòkè. Ọwọ́ tèmi wà níbẹ̀. Ọmọ náà palẹ̀ tábìlì mọ́ gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ, ó mú káàdì abẹ́ àwo, ó sì jáde. Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ní kí ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìwé ẹ̀rí kò tíì jáde. Aṣọ alápá gígùn ló ń wọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí ara rẹ̀ gbóná tí ìyá rẹ̀ sì ká apá aṣọ náà sókè, egbò ti kẹ̀, oró rẹ̀ sì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe. Ẹlẹ́rìn-ín kú ní ọjọ́ kejìlá.

Alága ti rin ìrìn àjò ní gbogbo àkókò yìí. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e ló tó padà bá wa, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó sì bi wá ni pé, "Kóòtù mi dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀," ni Màmá wí, "ìyá Ẹlẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ti kú, Alága." Ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

Ojú Alága yí padà. "Ṣé èmi ni mo da òróró sí i lọ́wọ́ ni?"

"Rárá o. Àmọ́ àwa la kọ́ ọ pé kó fi pamọ́."

Àwọn méjèèjì jọ lọ kí ìyá náà. Yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé, aṣọ tútù sì kún orí okùn lójúde. Nígbà tó rí Alága, ó sáré wọlé, ó sì gbé kóòtù náà jáde, ó ti lọ̀ ọ́, ó fi ọ̀rá bò ó. "Aṣọ yín rèé, sà. Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Àbàwọ́n yẹn le díẹ̀, àmọ́ ó ti lọ."

Lẹ́yìn náà ló mú káàdì kan jáde láti inú àpò rẹ̀. "Ẹ̀yin lọ̀gá ibẹ̀, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni mo ti rí i. 'Kò wúlò' ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nígbà tí ibà yẹn mú un, ó ń bi mí léèrè ṣáá, 'Màámi, ṣé lóòótọ́ ni mi ò wúlò?' Ta ló kọ ọ́, sà?"

"Mi ò mọ̀," ni Alága wí. Ó gba kóòtù rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì jáde.

Ọ̀rẹ́ mi, ó pa irọ́ fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú. Má tíì gàn án. Ìwọ náà mọ irọ́ tí o ti pa láti gba ara rẹ lọ́wọ́ ìtìjú.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Kóòtù náà mọ́ tónítóní, kò sì lè wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ránṣẹ́ pe Màmá sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì.

"Màmá, mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Màá kọ́ yàrá ìdáná tuntun fún ilé yẹn, a ó sì fi orúkọ ọmọ náà pè é."

"Ó dára. Ta ló kọ káàdì yẹn?"

Alága bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé orí tábìlì rẹ̀.

"Alága," ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, "láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín lẹ ti ń fi iṣẹ́ rere bo nǹkan. Ìgbìmọ̀ yẹn, ìjókòó iwájú nílé ìsìn, yàrá ìdáná tuntun tẹ́ ẹ ń sọ yìí, ìbọ̀wọ́ ni gbogbo wọn. Egbò wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń kẹ̀. Ẹ bọ́ ọ kí Jésù rí i. Òun ò ní òfin báńdéèjì. Kì í lé elégbò kúrò nídìí tábìlì rẹ̀."

Ọkùnrin náà gbé orí lé tábìlì, ó sì sunkún bí ọmọdé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó gbàdúrà láìka iṣẹ́ rere kankan sílẹ̀. "Olúwa, èmi ni mo kọ ọ́. Ìgbéraga ti pa mí. Mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ṣàánú mi nítorí Jésù tó kú fún mi." Ó sọ fún mi pé òun kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan, òun kò sì gbọ́ ohùn. Òun kàn mọ̀ pé Ẹnì kan ti wo egbò náà, kò sì gbójú kúrò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ló fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé alágbàfọ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù lábẹ́ okùn aṣọ. "Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, èmi ni mo kọ ọ́. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ọmọ yín wúlò. Èmi ni mi ò rí i."

Ìyá náà ń fún aṣọ tábìlì kan lọ́wọ́. Ó fún un títí omi fi tán nínú rẹ̀. Ó wá ní, "Ó ti pẹ́ jù láti sọ fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"Ẹ dìde. Ilẹ̀ yẹn tutù."

Oṣù mẹ́wàá ti kọjá. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó máa ń lọ bá a pọn omi, á sì bá a sá aṣọ sórí okùn. Ìyá náà kò tíì sọ pé òun dárí jì í. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí Alága gbàdúrà kí ó tó lọ, ìyá náà ṣe àmín. A ti fa òfin báńdéèjì ya. Káàdì náà, tí ìyá náà ti fún un, wà nínú Bíbélì Alága, ó sì máa ń sunkún nígbàkúgbà tó bá rí i. Ọlọ́run ti dárí jì í, àmọ́ Ẹlẹ́rìn-ín kò padà wá.

Èmi náà ní tèmi tí mo gbé lọ síwájú Jésù, ọwọ́ tí mo nà sókè lọ́jọ́ náà. Kí ni tìrẹ? Bóyá ọ̀rọ̀ kan tí o sọ sí ọmọ ẹlòmíràn ni, bóyá sí ọmọ bíbí inú rẹ. Bóyá ẹni tó yẹ kí o bẹ̀ ṣì wà láàyè. Lọ bá a lónìí, kó tó pẹ́ jù. Àmọ́ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Jésù, nítorí Òun ni o ṣẹ̀ jù, Òun ló sì lè wẹ̀ ọ́ mọ́.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Ẹlẹ́rìn-ín rò pé òun ṣì lè fi í pamọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ sí i. Bọ́ ìbọ̀wọ́ náà níbi tí o jókòó sí yìí. Ọwọ́ tí Jésù nà sí ọ ní egbò pẹ̀lú, kò sì fi í pamọ́ fún ọ.