Ìwé Tí Salwana Kò Kà

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ríńgìtì, Màmá. Ẹ rìn yíká Taiping títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ò ní rí ẹni tó máa fún yín tó bẹ́ẹ̀ lórí ọkọ̀ yìí."

Faizul tó ń ta ọkọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti ìwé mẹ́fà sún mọ́ ìyá Salwana lórí tábìlì. Òjò ń rọ́ lu òrùlé ṣọ́ọ̀bù náà bó ṣe máa ń ṣe nílùú yẹn. Salwana jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń wo ẹnu ọkùnrin náà bó ṣe ń là tó sì ń pa dé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gba etí kan wọlé, ó ń gba ìkejì jáde.

Ọjọ́ kọkànlélógún nìyí tí wọ́n sin bàbá rẹ̀. Salwana ò tíì sunkún. Kì í ṣe pé ó ń ṣe akin o. Ẹkún náà ni kò wá. Ó ń jẹun, kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Ó ń lọ síléèwé, ó ń padà bọ̀, bí ẹ bá sì bi í pé kí ni tíṣà kọ́ wọn, kò lè sọ. Ìdánwò àṣejáde rẹ̀ ò ju oṣù mẹ́rin lọ mọ́, àmọ́ lójú tirẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíì ló fẹ́ ṣe é. Àwọn ará àdúgbò ń yìn ín pé, "Ọmọ yìí mà láyà o!" Wọn ò mọ nǹkan kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí kò rí ẹkún bàbá rẹ̀ sun, àánú ló yẹ kó ṣe wọ́n.

Ọkọ̀ àtijọ́ yẹn nìkan ni nǹkan gidi tí bàbá fi sílẹ̀. Orúkọ ìyá ló wà lórí ìwé rẹ̀ látìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí èèyàn ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀ ni, Rokiah ìyá Salwana ò sì mọ irú rẹ̀ wà. Aṣọ ìyàwó ló ń rán. Bàbá ló máa ń gbé e lọ bá àwọn oníbàárà rẹ̀ títí dé Kuala Kangsar. Ní báyìí, ó nílò ọkọ̀ kékeré tó ń yí jíà fúnra rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ti àtijọ́ ṣe pàṣípààrọ̀, kí báǹkì sì yá wọn ní ìyókù. Iye tí ṣọ́ọ̀bù bá ka ọkọ̀ àtijọ́ sí ló máa sọ bóyá owó abẹ́rẹ́ á lè gbé ohun tí wọ́n máa san lóṣooṣù. Ìdí nìyẹn tí Rokiah fi múra ìjà wá.

Kí wọ́n tó kúrò nílé, Keong, mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì wọn, ti kìlọ̀ fún un. "Ìyá Wana, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ má gba ohun tó bá dín ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún o! Ẹ́ńjìnnì yẹn ṣì dáa, èmi ni mò ń tún un ṣe. Tí wọ́n bá pe mẹ́ta, ẹ dìde, ẹ ṣe bí ẹni tó ń lọ. Wọ́n á sáré tẹ̀ lé yín."

Faizul wá pe mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Rokiah tó ti ń ka ọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà sórí látàárọ̀ gbàgbé gbogbo rẹ̀. Ó kàn ń yí bèbè ìborùn rẹ̀ mọ́ ìka.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín. Ọkùnrin yìí ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Kò fẹsẹ̀ kan táyà. Kò wọnú ọkọ̀ rárá. Ó dúró níwájú rẹ̀ nínú òjò, ó ya fọ́tò nọ́ńbà rẹ̀, AC 27, ó sì wọlé padà tẹ̀ríntẹ̀rín. Salwana rí gbogbo rẹ̀. Ó kàn wò ó bí ẹni ń wo ògiri ni.

"Wana, gba ìwé yìí," ni ìyá rẹ̀ wí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì Rokiah ò sì ju káàárọ̀ àti ẹ ṣeun lọ. "Kà á dáadáa, kí n mọ ohun tí mò ń tọwọ́ bọ̀."

Faizul tẹ̀ síwájú. Ó fa páálí kékeré kan yọ lábẹ́ tábìlì. "Àbúrò, orí ẹ dáa. Ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀wé lónìí kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀, ṣọ́ọ̀bù ń fún un ní fóònù. Tuntun ni o, wò ó. Tó bá di ọ̀la, ó ti tán nìyẹn."

Ojú fóònù Salwana ti là sí ọ̀nà mẹ́ta. Ó wo páálí náà, nǹkan kékeré kan mira nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ mọ́kànlélógún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí nǹkan wù ú. Ó gbé ìwé náà, ó wo ìlà àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ṣí èkejì, ó ṣí ẹ̀kẹta. Ohun tó ń rò ò ju ibùsùn rẹ̀ lọ, kó délé kó sì kọjú sógiri.

"Ṣé o ti kà á?" ìyá rẹ̀ bèèrè.

"Mo ti kà á, Màámi. Kò sí wàhálà níbẹ̀."

Kò ka ìlà kan. Rokiah ṣe bísímílà, ó tọwọ́ bọ ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Faizul sì fa páálí fóònù náà lé Salwana lọ́wọ́.

Nígbà tó di ogójì ọjọ́, wọ́n ṣe sàráà. Àwọn ọkùnrin àdúgbò wá ka Yásíìnì, wọ́n jẹ ìrẹsì àti ẹran, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n sì lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá Salwana, tí gbogbo ilé ń pè ní Pak Long, wá láti Ipoh. Ó jáde síta pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ó yí ọkọ̀ kékeré tuntun náà ká, ó bẹ̀rẹ̀ wo iwájú rẹ̀, ó sì nàró padà.

"Rokiah! Nọ́ńbà wo lèyí?"

"Èyí tí wọ́n fún wa ni."

"AC 27 wá ńkọ́?"

"Mo ṣì ń retí kí wọ́n pè wá ká wá gbà á," ni Rokiah dáhùn. "Ṣebí gbogbo ìgbà tí bàbá Wana bá ra ọkọ̀, nọ́ńbà yẹn náà ló máa ń gbé wálé. Mo rò pé bí ìjọba ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé ti ẹbí ni."

Pak Long gbé ife sórí ọkọ̀. "Yéè! Rokiah, kò sí ìjọba tó ń dá nǹkan padà fúnni. Bàbá Wana fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ kọ̀wé pé òun ń gbé nọ́ńbà òun lọ sára ọkọ̀ tuntun! Bàbá wa ló kọ́kọ́ fi í sára lọ́rì eédú rẹ̀. Ṣé o mọ iye tí àwọn olówó ń ra irú nọ́ńbà kúkúrú àtijọ́ bẹ́ẹ̀? Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan fi ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì lọ àbúrò mi, ó ní rárá. Ó ní owó yunifásítì Wana nìyẹn. Orí ibùsùn ọsibítù ló ti sọ ọ́ fún mi." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo ní kí ogójì ọjọ́ pé ná kí n tó sọ ọ́ fún yín. Èmi náà ò gbọ́n."

"Kò burú," ni Rokiah wí kíá. "A máa lọ gbà á. Kò sí nínú ìwé pé a ta nọ́ńbà. Wana kà á, ó ní kò sí wàhálà. Ọmọ tèmi kì í purọ́."

Salwana dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ó lè ní òun gbàgbé. Ó lè ní Gẹ̀ẹ́sì náà le, kò sì sẹ́ni tó máa já a. Ìyá rẹ̀ ń wò ó, ojú ìyá náà ò ní iyèméjì kankan.

"Mi ò kà á, Màámi."

"Kí lo sọ?"

"Mi ò kà á. Ó fẹ́ fún mi ní fóònù, mo sì fẹ́ ká tètè máa lọ sílé. Mo parọ́ fún yín."

Rokiah gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé lọ fọ̀ ọ́. Ìró omi nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Salwana ń dúró kí nǹkan dùn ún, kí ìtìjú mú un, kó tiẹ̀ bínú sí ara rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Faizul fún wọn ní àga, ó fún wọn lómi tútù, ó sì ṣí ojú ìwé kẹrin. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ò jalè," ló sọ fún Pak Long. "Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyí: ẹni tó ni ọkọ̀ yọ̀ǹda nọ́ńbà rẹ̀ pẹ̀lú. Ọwọ́ Màmá ló wà nísàlẹ̀ yìí."

"O rí opó, o rí ọmọdé, o ò lè la ẹnu sọ fún wọn? Ojú ò tì ọ́?" Pak Long fẹ́rẹ̀ẹ́ lu tábìlì.

"Mo fún wọn ní mẹ́jọ lórí ọkọ̀ tí kò ju márùn-ún lọ. Ẹ bi àbúrò yìí, ṣé mo ní kó má kà á?"

Gbogbo wọn yíjú sí Salwana. "Rárá," ló wí. "Kò ní kí n má kà á."

Salwana gbé páálí fóònù náà padà síwájú Faizul. Faizul ò fọwọ́ kàn án. Nọ́ńbà náà ti wà lára ọkọ̀ ńlá kan ní Kuala Lumpur, kò sì sí òfin tó lè dá a padà. Wọ́n wakọ̀ lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí lẹ́tà báǹkì fi dé, ojú ìwé márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Rokiah dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ó tẹ́ ẹ síwájú ọmọ rẹ̀.

"Kà á fún mi."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Sókè, kí n máa gbọ́. Bó o bá ti kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, kó o sọ ọ́ lédè wa."

Salwana bẹ̀rẹ̀. Ó ka ọjọ́, ó ka àdírẹ́sì, ó ń tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Orúkọ: Rokiah binti Hamdan. Iṣẹ́: aránṣọ. Ipò." Ó dúró.

"Ipò ńkọ́?"

"Opó."

Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu Pak Long. Òun fúnra rẹ̀ ò tíì sọ ọ́ rí. Ó tún wo ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kedere, kò sí ohun tó lè yí i padà. "Opó, Màámi. Wọ́n ní opó ni yín. Bàbá mi ti kú." Ẹkún sì gbé e lójijì. Ó gbé orí lé tábìlì, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Rokiah ò ní kó dákẹ́. Ó jókòó tì í, ó fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn, omi ń bọ́ lójú òun náà.

Nígbà tó pẹ́, ìyá náà sọ̀rọ̀. "Wana, kì í ṣe nọ́ńbà yẹn ló dùn mí jù. Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé, 'Màámi, mi ò lè kàwé lónìí, ara mi kú,' à bá dìde, à bá wálé. Mi ò ní bínú. Ṣọ́ọ̀bù ò ní sá lọ. Èmi náà rí owó tó pọ̀ ju ohun tá a fẹ́ bèèrè lọ, mi ò sì bi í pé kí ló ń rà gan-an. Àwa méjèèjì la jọ ṣe é."

Ọdún méjì gbáko ni Salwana fi bá ìyá rẹ̀ rán aṣọ kó tó rí owó wọ yunifásítì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ má ṣe sọ láé pé ẹ ti ka ohun tí ẹ ò kà, pàápàá fún ẹni tí kò ní ojú míì ju tiyín lọ. Bí ọkàn yín ò bá sí níbẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì padà wá lọ́jọ́ míì. Kò sí ẹ̀bùn tó ní kí ẹ kánjú tó yẹ kí ẹ torí rẹ̀ kánjú.

Lọ́jọ́ lẹ́tà yẹn, Rokiah fi bèbè ìborùn rẹ̀ nu ojú ọmọ rẹ̀, ó sì ti ìwé náà sún mọ́ ọn padà.

"Ó ṣì ku ojú ìwé mẹ́rin," ló wí.

Salwana fà á mọ́ra, ó sì ń kà á lọ.