Ikọ́ Inú Ẹ́ńjìnì

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó ti rẹ̀ mí ju ẹni tí yóò jókòó máa hun irọ́ lọ. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wá sí Bẹ́yẹrúnkà, kó béèrè ilé Sàlámì alágbẹ̀dẹ, kó bi Mutmainnah ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n kó má pẹ́ kó tó wá.

Jubril ni orúkọ mi. Mẹkáníìkì ni mí. Iwájú ilé wa ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àgbẹ̀dẹ bàbá mi wà nígbà kan rí. Ẹwìrì wọn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, awọ rẹ̀ ti gan. Òkìtì èésan wọn náà ṣì wà níbẹ̀, ìyẹn èèpo ẹkùrọ́ tí wọ́n fi ń dáná irin. Bàbá ti fi àgbẹ̀dẹ sílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kò fi Bàbá sílẹ̀. Ikọ́ ni. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń wú u. Kò sí ilé ìwòsàn tí a kò gbé wọn dé. Bí èmi bá sùn, Mutmainnah á jókòó tì wọ́n. Bí òun bá sùn, èmi á jókòó. Oorun ti di àlejò lójú wa.

Ọ̀sán ọyẹ́ kan ni Màmá Ọlábọ̀wálé gbé ọkọ̀ wọn wá láti Òkè Padre. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ọkọ wọn ló ni ọkọ̀ náà kó tó kú lọ́dún tó kọjá.

"Jubril, ó ń gbọ̀n láàárọ̀," ni wọ́n wí. "Ó sì ń wúkọ́."

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Ẹ padà wá nírọ̀lẹ́."

Mo tú manifóòdù rẹ̀, mo yọjú wo ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Kábọ̀nù ti bo ẹ̀yìn àwọn fáàfù, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń padé fún atẹ́gùn, bí ìdí ìkòkò. Irú ẹ́ńjìnì yìí, inú sìlíńdà gan-an, níbi tí iná ti ń jó, ló ń tu pẹtiróòlù sí. Pẹtiróòlù kì í kan ẹ̀yìn fáàfù kó fọ̀ ọ́, ni dọ̀tí fi ń gbá jọ síbẹ̀. Àwọn òyìnbó a máa lọ èèpo èso kan, wọ́n á fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ lù ú, kí kábọ̀nù lè ṣí láìha irin. Ní tèmi, èésan ni mo ń gún fún un. Mo máa ń rà á ni, ṣùgbọ́n tilé ti tán lọ́jọ́ náà, ó sì rẹ̀ mí láti lọ sí Ọjà'ba. Mo wo òkìtì Bàbá.

Nílé wa, ẹnìkan kì í ṣàdédé bu èésan alágbẹ̀dẹ. Wàá kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ tẹ ẹwìrì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kó lè hàn pé o fi èémí rẹ dípò ohun tí o mú. Bẹ́ẹ̀ ni a bá a. Ṣùgbọ́n apá ń ro mí, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, sì ti ń kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ki ẹnu ọ́ọ̀sì rẹ̀ bọ ẹ̀yìn ẹwìrì, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Fùú. Fùú. Fùú. Awọ gbígbẹ náà wú sókè.

Bàbá ń wò mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Jubril. Èémí ta nìyẹn?"

"Ti ẹ̀rọ ni, Bàbá."

"Ọ̀lẹ tiyín ti gboyè," ni wọ́n wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́.

Mo yí ẹ́ńjìnì títí fáàfù sìlíńdà àkọ́kọ́ fi padé, kí dọ̀tí má baà já sínú. Mo bu èésan Bàbá, mo gún un, mo fẹ́ ẹ sí i. Dúdú ń ṣí, irin ń yọjú. Nígbà tí mo pa kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ó ṣe mí bíi pé nǹkan kan ti kúrò nínú ilé. N kò mọ ohun tó jẹ́. Mutmainnah yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó di abọ́ mú.

"Ṣé ẹ gbọ́?" ló bi mí.

"N kò gbọ́ nǹkan kan."

"Ohun tí mò ń wí nìyẹn."

Bàbá kò wúkọ́ mọ́. Wọ́n ti jókòó ṣánṣán, wọ́n ní kí Mutmainnah bá àwọn po ẹ̀kọ. Mo kọjá sí sìlíńdà kejì, àyà wọn tí í máa han gooro dákẹ́. Nígbà tí mo fi parí èyí tó kẹ́yìn, Bàbá ti dìde, wọ́n ń ká aṣọ lórí okùn. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo to gbogbo rẹ̀ pọ̀ padà, mo sì tan ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì náà ń lọ wọ́ọ́rọ́. Bàbá jókòó, wọ́n di ojú, wọ́n ń mí kanlẹ̀.

Mo pa ọkọ̀.

"Ẹ wá o," ni Mutmainnah wí jẹ́jẹ́.

Bàbá jókòó síbẹ̀. Ojú wọn ti là, àyà wọn kò gbéra. Mo gbọ́wọ́ sí imú wọn. Kò sí nǹkan kan. N kò mọ ohun tó gbé mi sáré padà sídìí ọkọ̀ dípò kí n figbe ta. Mo tàn án. Láti ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí Bàbá fa èémí, ó gùn.

"Ta ló pa iná?" ni wọ́n béèrè.

N kò pa á mọ́. Mo dúró tì í títí oòrùn fi rọ̀, tí Màmá Ọlábọ̀wálé fi dé. Wọ́n tẹ́tí sí i.

"Ó ti dákẹ́. O ṣeun, Jubril."

"Kò tíì parí, Màmá."

"Kí ló kù?"

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ mú, Màmá ti na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, wọ́n ti yọ kọ́kọ́rọ́.

Gbogbo nǹkan dákẹ́. Mutmainnah di ọwọ́ Bàbá mú. Mo ń wo àyà wọn, àyà náà kò mì.

Lẹ́yìn náà ẹnìkan wúkọ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Kì í ṣe ariwo ẹ́ńjìnì. Mo mọ ikọ́ yẹn. Ó gùn, ó sì fi híha ọ̀nà ọ̀fun parí. Bí ó ti parí ni Bàbá fa èémí wẹ́rẹ́, bíi ti ọmọ tó ń sùn. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wò mí. Wọ́n gbé ọkọ̀ wọn lọ.

Láti ìgbà náà, Bàbá kò wúkọ́. Wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́sálásí. A ń sùn. Ṣùgbọ́n Màmá Ọlábọ̀wálé kò sùn mọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pa ọkọ̀ náà, yóò máa wúkọ́ nínú gáréèjì. Mo lọ bá wọn lánàá, mo kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó máa wú u. Tàbí kí ẹ tà á fún mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé ibi tí ikọ́ yẹn bá lọ ni èémí Bàbá yóò bá a lọ."

"Ọkọ̀ ọkọ mi ni, Jubril. N kò tà á." Wọ́n fọwọ́ nu ojú wọn. "Ọkọ mi wúkọ́ títí ó fi kú, mo sì jókòó tì í títí. N kò lágbára láti tún máa gbọ́ ikọ́. Bí o kò bá fẹ́ tún un tú, mẹkáníìkì kan ń bọ̀ láti Agodi lọ́la."

N kò lè bá wọn jà. Mo mọ irú àárẹ̀ yẹn.

Mo sọ fún Bàbá láàárọ̀ yìí.

"Má jẹ́ kí ọwọ́ àjèjì kàn án," ni wọ́n wí. "Lọ tú u fúnra rẹ. Ṣùgbọ́n bu èésan bí ó ti yẹ. Fọwọ́ tẹ ẹwìrì."

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Awọ náà wú sókè, kò sì wá sílẹ̀ mọ́. Mo gbójú sókè wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá ń wò mí, wọ́n ti di èémí wọn mú, bí ẹni tó ń dúró de nǹkan.

Wọ́n ti ń pe ìrun alásàárì báyìí. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí ẹwìrì; ẹ̀ẹ̀kẹta ló kù, n kò sì mọ èémí ta ni yóò bá a jáde. Apá ń ro mí.