Àga Tó Ń Sún Sẹ́yìn

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta tí àga ọkọ̀ náà sún sẹ́yìn ni ẹ̀rù tó ba Akọ̀wé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rò pé òun ló gbàgbé. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ìyàwó òun ló fọwọ́ kàn án, ó sì bú obìnrin náà títí ó fi sunkún. Lọ́jọ́ kẹta yìí, abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sùn, géètì sì wà ní títì. Síbẹ̀, nígbà tó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó bíréèkì. Èèyàn kúkúrú ni Akọ̀wé. Ẹni tí àga yẹn máa bá mu níbi tó sún dé, gíga rẹ̀ á kọjá àfẹnusọ.

Inú ọkọ̀ náà ń rùn bí òógùn ẹni tó ti ń wakọ̀ láti òwúrọ̀.

"Olè ń gbé ọkọ̀ mi jáde," ló wí fún ara rẹ̀, "ó sì ń dá a padà."

Irú olè wo ló ń jí nǹkan tó tún ń dá a padà? Akọ̀wé kò bi ara rẹ̀. Olè ló mẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta, olè nìkan ló sì wá sí i lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀: ọkọ̀ yìí kì í ṣe tirẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló ni ín, awakọ̀ kan tó ga débi pé Àgùnfọn ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wakọ̀ fún ẹlòmíràn kó tó ra tara rẹ̀, kò sì tíì lò ó pé ọdún kan tó fi kú lójijì. Kí koríko tó hù lórí sàréè rẹ̀, Akọ̀wé ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì yí orúkọ inú ìwé ọkọ̀ padà sí tirẹ̀.

Ìyàwó tí Àgùnfọn fi sílẹ̀, aránṣọ ni, ọmọ mẹ́ta sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú ọkọ̀ náà, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa fi í ṣiṣẹ́ kí àwọn ọmọ lè jẹun. Bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni gbé ọwọ́ lé orí ọmọ. Akọ̀wé gbá ọwọ́ náà dànù.

"Gbọ́ mi dáadáa. Láyé rẹ, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí mọ́. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Kò sunkún. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ dànù, ó lọ.

Nítorí ọ̀rọ̀ àga yìí ni wọ́n ṣe júwe Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ fún Akọ̀wé. Ṣọ́ọ̀bù arúgbó náà kò ju ibi tí èèyàn lè na ẹsẹ̀ sí lọ. Kọ́kọ́rọ́ tó ti dípẹtà ló kún ara ògiri, wọ́n sì ń mì díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Akọ̀wé ti yọ ìwé ọkọ̀ síta, ṣùgbọ́n arúgbó náà kò wò ó.

"Àgádágodo tèmi kò mọ̀wé," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mú ohun tí òógùn olówó ọkọ̀ wà lára rẹ̀ wá. Màá rán an mọ́ inú ilẹ̀kùn. Olówó ọkọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ni ilẹ̀kùn yẹn á máa dá mọ̀. Ẹlòmíràn tó bá jókòó sídìí sítíárì, kò ní jáde."

"Títí dìgbà wo?"

Arúgbó náà wò ó. "Mo ní kò ní jáde."

Inú Akọ̀wé dùn, ó rẹ́rìn-ín. "Kó gbẹ síbẹ̀ bí ẹja. Ṣé èèyàn ni olè ni?"

Hánkáṣíìfù funfun tó ti fi nu ojú láàárọ̀ wà lápò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ahun tí kì í jẹ́ kí wọ́n da omi ọṣẹ nù nílé ni Akọ̀wé. Kí ló dé tí òun á fi hánkáṣíìfù tó dára ṣòfò? Ó nawọ́ sábẹ́ sítíárì, ó fa àkísà kan tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ jáde.

"Ṣé tìrẹ ni?" ni arúgbó náà bi í.

"Inú ọkọ̀ mi kọ́ ni mo ti mú un ni? Ta ni ì bá tún ni ín?"

Arúgbó náà gbóòórùn àkísà náà, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò nímú. Lẹ́yìn náà ló mú abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, Akọ̀wé gba ọkọ̀ lọ́wọ́ arúgbó náà, ó sì wà á tààrà lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó àbúrò rẹ̀. Ó fẹ́ kìlọ̀ fún un pé bí ọmọ rẹ̀ kan bá jókòó sínú ọkọ̀ òun, òkú rẹ̀ ni yóò gbé. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Ó pa ọkọ̀ sínú oòrùn.

Ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dún kẹ́.

Ó fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, kò gbọ́. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kò jí. Gíláàsì kò wálẹ̀, fèrè kò dún. Òógùn bò ó. Nígbà náà ni àga tó jókòó lé bẹ̀rẹ̀ sí í sún, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan ń wáyè fún ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn. Bíréèkì fi ẹsẹ̀ Akọ̀wé sílẹ̀. Sítíárì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá rántí pé òun kò fi àkísà yẹn nu òógùn òun rí láyé.

Aránṣọ jáde síta. Akọ̀wé fi ẹnu lé gíláàsì.

"Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, ìwọ ló lè ṣí i. Fa ilẹ̀kùn."

Obìnrin náà na ọwọ́. Kí ìka rẹ̀ tó kan irin, Akọ̀wé gbọ́ tí àgádágodo ń tú fúnra rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún ayọ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ó dúró. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó nù ún mọ́ ara aṣọ. Kí Akọ̀wé tó ti ilẹ̀kùn, àgádágodo tún ti dún kẹ́ padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ ní ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀."

Ó padà sídìí máṣìnì rẹ̀. Láti inú ọkọ̀, Akọ̀wé ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́, lókè, nísàlẹ̀, títí kò fi rí nǹkan kan mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ládùúgbò fi ìka kan ṣoṣo fa ilẹ̀kùn náà, ó sì ṣí. Ó búra pé kò sí ní títì rárá.

Ẹbí ti dá ọkọ̀ náà padà fún opó Àgùnfọn, ó sì ti kọ́ ọkọ̀ wíwà báyìí. Òun ló ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ síléèwé. Kò ga, ṣùgbọ́n kì í fa àga síwájú láàárọ̀. Ó kàn máa ń jókòó, á ní, "Ẹ kú àárọ̀," àga náà á sì sún wá fúnra rẹ̀.