Ẹ̀san Ilé Alágbẹ̀dẹ Wúrà

Ẹ̀mú irin kò kúrò lọ́wọ́ Zachariah alágbẹ̀dẹ wúrà títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ìléru oníná rẹ̀ ló ṣubú sí, nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó tó wà lẹ́yìnkùlé ilé rẹ̀ ní Igbó-Ọrà. Ìléru náà kò tóbi ju garawa omi lọ, ṣùgbọ́n ó ń yọ́ wúrà bí ẹni ń yọ́ òrí. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà ti jó dúdú. Kò wọ bàtà. Sìmẹ́ńtì tó dùbúlẹ̀ lé lórí tutù.

"Iná ló gbé e," ni gbogbo àdúgbò ń sọ. "Iná yìí á pa wá tán."

Ìsípẹ́kítọ̀ Tóyọ̀sí la àárín wọn kọjá wọ ṣọ́ọ̀bù. Láti Èrúwà ni wọ́n ti rán an wá, kì í sì í yára gba ohun tí èrò bá fẹnu kò lé lórí. Ó wo ìléru náà. Súíṣì rẹ̀ wà ní pípa. Gílóòbù pupa kékeré iwájú rẹ̀ kò tàn. Bẹ́ẹ̀ iná wà nínú ilé. Fáànù ń yí lókè.

"Ó ti pa súíṣì kó tó ti ẹ̀mú bọ inú rẹ̀," ó sọ fún kọ́púrà tó tẹ̀ lé e. "Iná wo ló wá gbé e?"

Kọ́púrà gbójú sókè wo fáànù tó ń yí.

Tóyọ̀sí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Níwájú ìléru, ojú kan wà lórí sìmẹ́ńtì tó mọ́ ju ìyókù lọ. Ó ní igun mẹ́rin, bí ibi tí nǹkan ti bo ilẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ó dìde, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Lórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, láàárín ìró méjì, ẹní rọ́bà dúdú kan wà níbẹ̀. Igun mẹ́rin ni òun náà.

Làtíífàt ló kọ́kọ́ bá òkú náà. Ọmọ iṣẹ́ ni, òun ló ń fọ òrùka dán fún ọ̀gá rẹ̀. Láàlì pọ́n àwọn èékánná rẹ̀.

"Ta ló fọ ẹní rọ́bà yìí?" ni Tóyọ̀sí bi í.

"Mi ò mọ̀, mà. Orí okùn ni mo bá a ní àárọ̀ yìí. Mo rò pé Mọ́mì ni."

"Kí ló dé tí ọ̀gá rẹ kò wọ bàtà?"

"A kì í wọ bàtà wọ ṣọ́ọ̀bù, mà. Ẹ̀rún wúrà á lẹ̀ mọ́ ọn, a ó sì gbé e jáde. Mo tún máa ń wọ́n omi sílẹ̀ láràárọ̀ kí ẹ̀rún náà má bàa fò. Orí ẹní yẹn ni Bàbá máa ń dúró sí tí wọ́n bá fẹ́ lo ìléru. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí a ti rí iná kẹ́yìn, ẹni tó ni òrùka ìgbéyàwó sì ti ń pariwo. Bí iná ṣe dé báyìí ni wọ́n sáré wọlé."

"Ta ló ń tọ́jú ìléru náà?"

"Bàbá Tàjùdéèn atúnnáṣe. Oṣooṣù ni wọ́n ń wá. Wọ́n á tú u, wọ́n á gbá inú rẹ̀, wọ́n á wo àwọn wáyà tó ń gbóná, wọ́n á dán an wò. Wọ́n wá ní Sátidé." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àwọn àti Bàbá jà, mà. Mo gbọ́ tí wọ́n ní wúrà yẹn kò jẹ́ kí àwọn sùn mọ́. Bàbá ní kí wọ́n pa ẹnu wọn mọ́."

"Ta ló tún wà nítòsí nígbà náà?"

"Èmi, àti Àǹtí Peculiar, ọmọ inú ilé yìí, tó ń sá aṣọ."

Ariwo sọ lẹ́nu géètì. Malachi, àbúrò olóògbé, ló ń fò sókè bí ẹni tí agbọ́n ta. Wọ́n dì í mú.

"Tàjùdéèn ló pa ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ gbé e fún mi! Ẹ jẹ́ kí n da epo sí i lára! Mi ò fẹ́ kọ́ọ̀tù!"

Salome, ìyàwó olóògbé, tí wọ́n ń pè ní Màmá Ṣèyí, jókòó lórí àpótí nínú yàrá. Kò sunkún. Ó ń payín keke.

"Ẹni tó ṣe èyí fún ọkọ mi," ó ní, "ilẹ̀ ò ní gbà á. Bó ṣe sọ mí di opó, ilé tirẹ̀ náà á dahoro."

"Màmá Ṣèyí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ fọ ẹní rọ́bà?"

"Èmi? N kì í wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Lánàá, ṣọ́ọ̀ṣì la wà títí tí ọ̀sán fi pọ́n, èmi àti ọkọ mi."

"Ta lẹ fi sílé?"

"Peculiar nìkan. Ó ní orí ń fọ́ òun. Nígbà tí a dé, ó ti padà sí Èrúwà, ó ń kàwé ní pólì níbẹ̀. Ọmọ òrukàn ni. Ọkọ mi ló gbà á tọ́ láti kékeré, gbogbo ayé ló ń yìn ín fún un."

Tóyọ̀sí wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń fún aṣọ. Èékánná rẹ̀ mọ́ funfun. Ìjọ tó ń lọ kì í jẹ́ kí obìnrin kun nǹkan kan.

Kọ́púrà lọ mú Tàjùdéèn wá láti ẹ̀yìn ilé, kí Malachi má bàa rí i. Ọkùnrin tó ti ń dàgbà ni, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wà léjìká. Bó ṣe rí ìléru náà, ó bú sẹ́kún.

"Ẹ dákẹ́ ẹkún," ni Tóyọ̀sí wí. "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún mi."

Tàjùdéèn yọ plọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Ó tú u. Ó wo inú rẹ̀, ó tún un wò.

"Màdámú, wọ́n ti pààrọ̀ wáyà inú rẹ̀. Èyí tó ń gbé iná wọlé ló wà ní ipò èyí tó ń gbé e jáde. Tó bá rí báyìí, súíṣì á pa gílóòbù, ẹ ó rò pé iná ti kú. Kò kú. Ó ṣì wà lára wáyà inú ìléru. Ẹni tó bá fi irin kàn án, láìsí rọ́bà lẹ́sẹ̀..." Ó nawọ́ sí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ̀yin lẹ ṣí i kẹ́yìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sì fi sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Tí mo bá yẹ iṣẹ́ wò tán, mo máa ń kán ọ̀dà pupa sórí nọ́ọ̀tì tó dè é pọ̀, kí n lè mọ̀ bí ẹlòmíràn bá tú u."

"Ọ̀dà pupa ṣì wà lórí plọ́ọ̀gì yìí kẹ́ ẹ tó tú u. Mo rí i."

Ojú Tàjùdéèn ràn. "Á jẹ́ pé ẹ̀mí ló tú u, mà."

Tóyọ̀sí gba plọ́ọ̀gì náà. Ó fi èékánná ha ohun pupa náà. Ó ṣí bí awọ ẹja. Ó tún lọ sí ẹ̀yìn ìléru, níbi tí Tàjùdéèn kán ọ̀dà sí lórí àwọn nọ́ọ̀tì mìíràn. Ìyẹn ṣókùnkùn, kò dán, kò sì ṣeé ha. Ti ara plọ́ọ̀gì ń dán yinrin. Ó gbé e sí imú.

Kútẹ́ẹ̀sì ni. Èyí tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná.

Agolo ọ̀dà wà nínú àpò Tàjùdéèn níbẹ̀. Ẹni tó ní ọ̀dà kò ní wá kútẹ́ẹ̀sì kiri. Ẹlòmíràn ló kán an síbẹ̀, kí wọ́n lè sọ pé ọwọ́ atúnnáṣe nìkan ló dé ibẹ̀. Ẹni náà fẹ́ pa méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan nípa iná, èkejì nípa kọ́ọ̀tù. Tàbí ọwọ́ Malachi.

Tóyọ̀sí gé plọ́ọ̀gì náà kúrò lára wáyà ìléru, ó sọ ọ́ sínú báàgì rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó mú Tàjùdéèn wọnú mọ́tò ọlọ́pàá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Wúrà wo lẹ̀yin àti Zachariah ń jà lé lórí?"

Ọkùnrin náà gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Zachariah ní ọ̀rẹ́ kan nígbà kan, Ọláyídé. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọláyídé ló mọ̀ nípa iná, òun ló to ìléru wọn àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kan, wúrà oníbàárà pòórá. Zachariah pariwo olè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fi táyà kọ́ Ọláyídé lọ́rùn, wọ́n dáná sun ún ní oríta ọjà." Ó nu ojú rẹ̀. "Lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́, ìléru náà bàjẹ́. Èmi ni wọ́n pè. Mo tú bíríkì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wúrà ló dì sábẹ́ rẹ̀, Màdámú. Ìkòkò tí wọ́n ń yọ́ ọ sí ló là. Ó jò sísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan."

"Kí ni Zachariah ṣe?"

"Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó ní tí mo bá sọ ọ́, òun gbé. Mo dákẹ́. Ní Sátidé, mo sọ fún un pé mi ò lè dákẹ́ mọ́."

"Ọláyídé, ṣé ó fi ọmọ sílẹ̀?"

"Ọmọbìnrin kan. Zachariah ló gbà á tọ́."

Peculiar wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ó wọ bàtà kánfáàsì àti ìbọ̀sẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Ó kúnlẹ̀ fún Salome, ó ń sunkún. "Dádì mi o! Dádì mi!" Salome gbá a mọ́ra.

Tóyọ̀sí dúró títí ẹkún náà fi rọlẹ̀. Ó mú un lọ sí yàrá ìgbàlejò. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Èékánná rẹ̀ mọ́, ó mọ́ jù. Eteetí wọn ti bó, bí ẹni tó fi nǹkan ha wọ́n.

"Wọ́n ní ìwọ lo wà nílé lánàá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo sùn. Lẹ́yìn náà mo lọ."

"O ò wọ ṣọ́ọ̀bù?"

"Rárá o. Ẹ wò ó, mà, kí lẹ ń dúró dè tí ẹ ò tíì ti Bàbá Tàjùdéèn mọ́lé? Wọ́n bá Dádì jà. Ọ̀dà pupa wọn ló sì wà lórí plọ́ọ̀gì yẹn. Ta ló tún lè ṣí i yàtọ̀ sí wọn?"

Kọ́púrà gbé ojú sókè.

"Plọ́ọ̀gì wo?" ni Tóyọ̀sí béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ti ìléru náà, mà."

"Gbogbo àdúgbò ní iná ìjọba ló pa á. Malachi ní Tàjùdéèn ni, kò sọ bó ṣe ṣe é. Inú báàgì mi ni plọ́ọ̀gì náà wà láti òwúrọ̀, Tàjùdéèn sì wà ní àtìmọ́lé mi. Ta ló sọ fún ọ pé inú plọ́ọ̀gì ni ikú ti wá?"

Peculiar ká èékánná rẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́.

"Bọ́ bàtà rẹ."

"Mà?"

"Bàtà àti ìbọ̀sẹ̀. Màmá Ṣèyí kì í kun èékánná, ìjọ wọn kò gbà. Làtíífàt ń kírun. Kútẹ́ẹ̀sì kì í jẹ́ kí omi àlùwàlá kan èékánná, láàlì ló ń lé. O ha ti ọwọ́ rẹ. Bọ́ ti ẹsẹ̀ kí n rí i."

Peculiar kò bọ́ bàtà. Ó nu ojú rẹ̀. Nígbà tí yóò fi gbé ọwọ́ kúrò lójú, ẹkún ti tán níbẹ̀ pátápátá.

"Pupa ni," ó ní. "Ẹ má da ara yín láàmú. Èmi ni mo pa á."

Salome ti wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá mi máa ń gbé mi lé ẹsẹ̀ tó bá ń to wáyà," ni Peculiar ń sọ, bí ẹni ń ka àkọ́sórí. "Ó ní wáyà méjì yìí, má jẹ́ kí wọ́n gba ipò ara wọn láéláé, gílóòbù á kú, iná ò ní kú. Ọ̀bẹ ìdáná ni mo fi tú u. Mo ká ẹní, mo fọ̀ ọ́. Mo kán kútẹ́ẹ̀sì sí i."

"Tórí wúrà tó jò?"

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n sun ún. Mo wà níbẹ̀. Bàbá mi ń pè é: 'Zaka, sọ fún wọn! Zaka, o mọ̀ mí!' Zaka káwọ́ gbera, ó ń wò ó. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ ìbí mi ni mò ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ṣàánú ọmọ olè. Ó ń gbà á, mà. Ó mọ̀ pé bàbá mi ò jalè, ó ń gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ń ṣe àmín. Ní Sátidé, mo di aṣọ tútù mú lẹ́yìn wíńdò, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Iná ni wọ́n fi pa bàbá mi. Iná ni mo fi pa á. Tó bá jí dìde lónìí, màá tún un pa."

"Tàjùdéèn ńkọ́? Òun kò ṣá ìṣáná."

"Ó mọ̀, ó dákẹ́. Gbogbo ọdún tó fi dákẹ́, bàbá mi ṣì ń jó."

Salome já wọ yàrá, ó fẹ́ na Peculiar. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sókè, kò sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì wá sunkún nígbà náà.

Èrò ti kún ẹnu géètì nígbà tí wọ́n ń mú Peculiar jáde pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ti tàn. Malachi já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn tó dì í mú.

"Ọmọ olè! A bá ti sun ìwọ náà mọ́ ọn lọ́jọ́ yẹn!"

Tóyọ̀sí dúró. Ó yíjú sí Peculiar.

"Ta ló gbé táyà wá?"

"Òun ni," ni Peculiar wí, ó na ọwọ́ méjèèjì papọ̀ sí Malachi. "Ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbàgbé eyín rẹ̀."

Malachi fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. "Màdámú, ọ̀rọ̀ ìgbà yẹn ti pẹ́."

"Ó pẹ́ lóòótọ́. Tàjùdéèn á sọ tẹnu rẹ̀ ní àgọ́, ẹ ó sọ tiyín. Kọ́púrà, mú un."

"Èmi nìkan kọ́!" Ohùn ọkùnrin náà ha. "Gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀!"

"Mo gbọ́," ni Tóyọ̀sí wí. "Ẹ dárúkọ wọn."

Malachi gbé ojú sókè sí àwọn èrò ẹnu géètì. Lẹ́yìn náà, bàbá arúgbó kan tó wà níwájú tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó yí padà, ó ń lọ sílé. Òmíràn tẹ̀ lé e. Àwọn ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku àwọn ọ̀dọ́ nìkan lẹ́nu géètì, tí wọ́n ń wo ẹ̀yìn bàbá wọn.