Májèlé Tí A Dè Mọ́ Ṣúgà

Kí wọ́n tó kírun Mọ̀gàríbì ni Bàbá Roheem jẹ fùfú. Kí wọ́n tó kírun Ìṣáì, ó ti di òkú. Orí ẹní ni wọ́n ti bá a, èébì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, abọ́ rẹ̀ ṣófo.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìwé dé sí àgọ́ ọlọ́pàá nítòsí Ìjàyè láti ilé àyẹ̀wò. Kọ́ńsítébù Dàpọ̀ rí "sayanáìdì", orúkọ májèlé, nínú rẹ̀, kò ka ìyókù. Ó ti Rùkáyátù, ìyàwó Roheem, ẹni tó se fùfú náà, mọ́lé. Ọmọ oṣù márùn-ún wà lẹ́nu ọmú rẹ̀. Lọ́la ni kóòtù.

Inspẹ́kítọ̀ Gbọ́njúbọ́lá gba ìwé náà.

"Dàpọ̀, bí o ṣe ń jẹ iyán náà nìyí? Òkèlè kan, o dìde?"

"Rárá, ọ̀gá mi."

"Ìwé ló máa ń tètè yó ọ."

Ó kà á tán. Ó wọ ibi àtìmọ́lé. Sàníù, àbúrò ọkọ Rùkáyátù, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ wá kí ó mu ọmú.

"Rùkáyátù, kí ló dé tí ìwọ ò jẹ fùfú náà?"

"Bàbá nìkan ló ń jẹ ẹ́ nílé wa, mà."

"Ọjọ́ wo lo rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀?"

"Ọjọ́ Àìkú. Mo lọ kí ìyá mi ní Erunmu lọ́jọ́rú, mo dé lọ́jọ́bọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ sẹ́ ẹ lọ́jọ́ Jímọ̀, omi rẹ̀ ń hó bí omi ìfọṣọ. Àárín ẹ̀gẹ́ mìíràn sì ṣì le. Ebi ń pa Bàbá, mo kánjú."

Gbọ́njúbọ́lá gba ilé wọn lọ. Humairah, ìyàwó kékeré olóògbé, ló pàdé rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ gbé abọ́ síwájú ọkọ yín."

"Bó bá jẹ́ èmi ni, ọdún tó fẹ́ gbé ìyàwó mìíràn wọlé ni ǹ bá ti pa á. Rùkáyátù ni kí ẹ bi. Ṣebí Sàníù náà gbé fùfú lọ fún àwọn àna rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀? Ta ló kú níbẹ̀?"

"Ìkòkò mélòó lẹ fi ń rẹ ẹ̀gẹ́?"

"Ọ̀kan yìí náà ni."

Ọlọ́pàá náà fi igi tú ààtàn. Èèpo ẹ̀gẹ́ funfun wà nísàlẹ̀, èèpo pupa wà lókè.

"Ta ló ni pupa yìí?"

"Sàníù nìkan ló ń gbìn ín. Ó korò. Gàrí la fi ń ṣe."

Nígbà tí Gbọ́njúbọ́lá padà dé àgọ́, Sàníù ṣì ń dúró de ọmọ.

"Fùfú àwọn àna rẹ, ọjọ́ wo lo rẹ ẹ́?"

"Ọjọ́ Àìkú, mà."

"Nínú ìkòkò wo? Ọ̀kan ló wà nílé yín, ẹ̀gẹ́ Rùkáyátù ló sì wà nínú rẹ̀."

Sàníù yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Gbọ́njúbọ́lá na ìwé àyẹ̀wò náà sí Dàpọ̀.

"Dàpọ̀, ka ìyókù ìwé yẹn."

"Gí-láí-kó-sáì-dì."

"Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé májèlé náà ṣì wà ní dídè mọ́ ṣúgà, bí Ọlọ́run ṣe dè é sínú ẹ̀gẹ́. Omi àti ọjọ́ ló ń tú u dànù. Èyí tí wọ́n ń rà bù sọ́bẹ̀ kì í ní ṣúgà lára. Ẹnikẹ́ni ò bu nǹkan sí oúnjẹ Bàbá. Ẹ̀gẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé nínú omi ni. Sàníù, nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ lọ sí Erunmu, o kó ẹ̀gẹ́ rírẹ rẹ̀, o fi pupa tútù tìrẹ dípò, o sì da ọṣẹ ìfọṣọ sí i kó lè tètè rọ̀."

Sàníù jókòó sílẹ̀.

"Mo ti ṣèlérí fún àwọn àna mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ọ̀lẹ. Mo rò pé bó bá rí i pé ó ṣì le, gàrí ni yóò fi ṣe, mà. Mi ò mọ̀ pé Bàbá ló máa jẹ ẹ́."

"Nígbà tó wá kú ńkọ́?"

"Ẹnu mi wúwo."

Dàpọ̀ ṣí ìlẹ̀kùn. Rùkáyátù jáde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó dúró níwájú Sàníù, ó pè é ní orúkọ tó fi ń pè é nílé.

"Akọ̀wé, ojoojúmọ́ lò ń gbé ọmọ yìí wá. O dúró síbẹ̀ yẹn, ò ń wò mí bí mo ṣe ń fún un lọ́mú."

Ó fún ọ̀já lẹ́yìn, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.