Ojú Afinimọ̀nà

Àárín odò ni nọ́ọ̀sì ti kọ́kọ́ rí afinimọ̀nà wọn. Omi mù ún dé ìbàdí, okùn wà léjìká rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jókòó sínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Èèyàn mẹ́wàá ló ti fà kọjá tẹrùtẹrù. Ó ku nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, tí ń yẹ ojú wò nílé ìwòsàn, tó gba ìsinmi ọjọ́ márùn-ún láti bá wọn gun òkè.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n wá pọ̀n yín ni?"

"Ta ló ní kí ẹ pọ̀n òun? Ẹ mú ọwọ́ wá!"

"Ọwọ́ rèé. Ẹ má wulẹ̀ dá a padà."

Ẹ̀rín sọ. Ẹsẹ̀-Ewúrẹ́ ni wọ́n ń pe afinimọ̀nà náà, torí kò sí àpáta tí kò lè gùn. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta gíga kan, ohùn rẹ̀ nìkan ni nọ́ọ̀sì ń gbọ́, tó ń ṣẹ̀fẹ̀ bí ìyàwó sí ọkọ: "Rọra, olówó orí mi, mo dì ọ́ mú." Ìfẹ́ ò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n dé abúlé àwọn amọ̀kòkò. Ìyá arúgbó kan ń kọ́ wọn bí a ti ń po amọ̀. Bí Ẹsẹ̀-Ewúrẹ́ ti yíjú padà báyìí, àárín ìkòkò tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló rìn wọ̀. Mẹ́ta fọ́.

"Ọmọ mi," ni ìyá náà wí, "ṣé ìfẹ́ ti fọ́ ọ lójú ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kò rín. Ó fà á lọ sẹ́yìn ilé, ó na ìka sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀.

"Mélòó nìyí?"

"Mélòó kí ni?"

Nọ́ọ̀sì sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Ojú rẹ ń kú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Wọn ò sì tíì rí oògùn rẹ̀."

"Mo mọ̀. Bó ṣe mú bàbá mi nìyẹn. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n parí ìrìn yìí. Tí wọ́n bá gba òkè lọ́wọ́ mi, kí ló kù?"

Ìfẹ́ dí i lẹ́nu. Ó dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, lójú ọ̀nà tóóró kan, Ẹsẹ̀-Ewúrẹ́ sọ fún Tíṣà, àgbà ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì, pé, "Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, sà, ó le." Òfuurufú ni. Okùn ló gba ẹ̀mí Tíṣà là, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Nọ́ọ̀sì ń fi igi dì í, omijé rẹ̀ ń kán sí i. Ó mọ̀ pé ìdákẹ́ òun ló ṣẹ́ ẹ.

Bí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá àwọn afinimọ̀nà. Ọjọ́ náà gan-an ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ẹsẹ̀-Ewúrẹ́.

"Ìwọ náà?" Ohun tí Ẹsẹ̀-Ewúrẹ́ sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ó kúkú dáa," ni ìyá nọ́ọ̀sì wí nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti pínyà. "Ṣé mo bí ọ kó o wá di ọ̀pá afọ́jú ni?"

Oṣù méje kọjá. Nọ́ọ̀sì rù kan eegun. Ó ń jí, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, kò sí èyí tó dùn nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà fi igi ìtilẹ̀ tiro wọ yàrá ìyẹ̀wò, ó fa Ẹsẹ̀-Ewúrẹ́ lọ́wọ́. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣẹ̀ mí," ló wí. "Mo ti dárí jì yín. Ẹ dárí ji ara yín." Ó sì jáde.

Nọ́ọ̀sì gbé lẹ́tà tó tóbi jù lọ, lára èyí tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò, kọ́ sára ògiri. Ẹsẹ̀-Ewúrẹ́ tẹjú mọ́ ògiri títí. "Ṣé nǹkan wà níbẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì yọ lẹ́tà náà kúrò.

"Mo bínú sí ọ títí ó fi sú mi," ni ọkùnrin náà wí. "Ká ní o tún dákẹ́ ni, ǹ bá ti pa ẹnì kan."

"Fẹ́ mi."

"Kí n fi ọ́ ṣe kí ni? Wá ẹlòmíì lọ."

"Mi ò rí ẹlòmíì."

"Èmi náà ò rí i."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì. Kò pẹ́ tó fi di ẹkún.

Ìyá nọ́ọ̀sì kò wá sí kóòtù lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Àga rẹ̀ ṣófo níwájú. Tíṣà nìkan ló jẹ́rìí sí i. Nígbà tí akọ̀wé ní kí ọkọ buwọ́ lùwé, ìyàwó fi ìka tẹ ojú ìlà. "Ibí ni, olówó orí mi."

Ó kọ orúkọ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Orúkọ náà wọ́, ó kúrò lórí ìlà, ó gun ìka ìyàwó, orí èékánná rẹ̀ ló parí sí.

Akọ̀wé na ọwọ́ sí ìwé mìíràn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni ìyàwó wí, "ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."